Ẹ̀bi Tí Aláàrò Dì Ru Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń ra búrẹ́dì ní àdúgbò náà tí kò mọ Aláàrò. Bàbá gíga kan ni, tí ooru ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán, tí àpá iná kéékèèké sì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgbúnwọ́. Òun ló ń dúró sẹ́nu ààrò ní ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó mọ ilé yí i ká. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Díákónì ni wọ́n ń pè é. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Bí wọ́n bá ti ní ká gbàdúrà fún aláìsàn, òun ni gbogbo ojú máa ń yí sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ dìde, ó ní arákùnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ mọ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé búrẹ́dì. Ó ní àrùn ẹ̀gbà ti kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

“Díákónì,” ni Pásítọ̀ wí, “ẹ̀yin lẹ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ dìde, ẹ bá wa gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́.”

Aláàrò dìde. Ó di apá ìjókòó rẹ̀ mú. Ó ní, “Bàbá wa ọ̀run,” ó sì dákẹ́. Wọ́n rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ ni. Ó tún ní, “Bàbá wa ọ̀run,” kò sì lè tẹ̀ síwájú. Òógùn ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn kígbe pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Aláàrò jókòó. Kì í ṣe ohun tí ìyá yẹn rò ló mú un. Ohun tó mú un ni pé òun mọ ẹni tó ba ayé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ́, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run tí òun fẹ́ pè náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jọ ń ṣiṣẹ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń po ìyẹ̀fun, òun náà ló sì ń bójú tó ààrò kékeré inú yàrá ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì àkànṣe. Orúkọ rẹ̀ rò ó. Bó bá pa gáàsì tán, á tún padà wá wò ó, á tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tó bá fẹ́ gé búrẹ́dì, á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ búrẹ́dì. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Òun àti Aláàrò jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ilé ìwé sì ti gba ìsinmi, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ parí iṣẹ́ ààrò kékeré, ó pa gáàsì, ó bọ́ síta lọ fọ àwọn páànù. Aláàrò wọlé láti inú òjò, aṣọ rẹ̀ rin gbindin. Ó ní kí òun yá ooru díẹ̀ kí ẹ̀wù òun gbẹ. Ó ṣí gáàsì ààrò kékeré, ó na ọwọ́ sí ìṣáná, páálí ìṣáná ti tutù. Bó ṣe ń wá òmíràn lọ́wọ́ ni ọ̀gá wọn, obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, kígbe láti iwájú pé ọkọ̀ ti dé, kí ó sáré wá kẹ́rù. Ó sáré jáde. Ó fa ilẹ̀kùn pa. Fèrèsé wà ní títì nítorí òjò. Gáàsì ń jáde lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọmọ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Kékeré, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i níta pé ó ti tutù, ó ní kó lọ dúró dè é nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀fìnkìn ń ṣe ọmọ náà, kò gbóòórùn nǹkan kan. Yàrá ṣókùnkùn. Ó na ọwọ́, ó tan iná mànàmáná, gáàsì sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló wọ inú iná yọ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ òun náà bó. Aláàrò sáré tẹ̀lé e, ó pa gáàsì. Ọrùn ọmọ náà àti apá rẹ̀ ọ̀tún jóná títí dé èjìká. Àmọ́ kò kú.

Lọ́jọ́ kejì, Màdáámù kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú yàrá tó ti dúdú náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn wá, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ta ló lo ààrò yẹn kẹ́yìn?” ni Màdáámù bi wọ́n.

“Èmi ni, mà,” ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. “Ṣùgbọ́n mo pa á. Mo rò pé mo pa á.”

“O rò?”

Màdáámù kọjú sí Aláàrò. “Ìwọ lo wọlé lọ pa gáàsì. Báwo lo ṣe bá a?”

Aláàrò wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ nígbà náà, inú yàrá kan nínú ọgbà ilé búrẹ́dì náà ni wọ́n sì ń gbé. Ó ní, “Ṣíṣí ni mo bá a, mà.”

Òótọ́ ni. Ṣíṣí ló bá a lóòótọ́. Gbólóhùn kan tí kò ní irọ́ nínú ló fi sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàyè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbójú sókè, ó wò ó. Aláàrò rí i bí ìdánilójú ṣe kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun lòun jó ọmọ òun.

Wọ́n lé e níṣẹ́. Gbàgbégáàsì ni àdúgbò sọ ọ́. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin. Ó ń ṣe lébìrà kiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó ń ru yanrìn, ó ń ru omi. Kò súnmọ́ iná mọ́ láyé rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ kò bá sí nílé, oúnjẹ tútù ló máa jẹ. Ìyàwó náà, tí í ṣe aránṣọ, kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti ìgbà náà. Ti ọmọ ló burú jù. Bó ṣe ń dàgbà, tó ń fi ọrùn aṣọ gíga bo àpá, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń pè é ní Ẹran Sísun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra bàbá rẹ̀. Nígbà tó tó ẹni tó lè kúrò nílé, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ lápá kejì ìlú. Kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Gbogbo èyí ni Aláàrò ń wò. Ó ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí wọn nígbà ọdún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Jésù ti wẹ òun mọ́. Ó di díákónì.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, ó tẹ̀lé Pásítọ̀ wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àga náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Pásítọ̀, tí kò tó o lọ́jọ́ orí, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ti sọ èyí fún Ọlọ́run rí?”

“Lójoojúmọ́, sà.”

“Kí ni ẹ wá ń fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ gbàdúrà fún mi. Kí ọkàn mi lè fúyẹ́.”

Pásítọ̀ gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. “Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè gbàdúrà yẹn. Jésù sọ pé tí èèyàn bá mú ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀. Ọlọ́run ò ní gba ti ẹnu yín kí ó fi ti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Ẹ lọ bá a. Àmọ́ ẹ tètè.”

Ọ̀rọ̀ “ẹ tètè” yẹn ló dá jìnnìjìnnì sí i lára. Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n tì.

“Gbogbo ọdún wọ̀nyí,” ni ó wí. “Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ sì ń sùn.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ẹ wò ó, bàbá àwọn ọmọ. Ọkùnrin yẹn ń kú lọ. Tó bá kú tán, ta ló tún máa mọ̀? Tí Màdáámù bá gbọ́, inú ilé yìí ńkọ́? Níbo la ó kó àwọn ọmọ sí?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀, ẹ sì fẹ́ lọ?”

“Tó bá kú kí n tó sọ ọ́, a jẹ́ pé òun àti irọ́ mi ni wọ́n máa jọ sin.”

Obìnrin náà kọjú sí ògiri.

Aláàrò lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Yàrá kan ṣoṣo ni Aránṣọ, ìyàwó Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, lókè ilé alájà mẹ́ta, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì dúdú. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́bàá ògiri. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n èèyàn ò mọ ohun tó ń wò.

“Ha, Díákónì! Ẹ kú ìrìn o,” ni Aránṣọ wí. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé o. Nínú gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí wa. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín.”

Ìkúnlẹ̀ obìnrin yẹn pa á lẹ́nu mọ́. Ó jókòó, ó béèrè bóyá aláìsàn ń jẹun. Aránṣọ ní omi ọ̀gì ni, ìyẹn náà tipátipá. Ó béèrè bóyá ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Aránṣọ ní dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó má gbọ́. Aláàrò ní Ọlọ́run á ṣe é. Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó gbá orí mọ́ ògiri, ó ń pe ara rẹ̀ ní ojo. Ó padà gun àtẹ̀gùn dé agbede méjì, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ sílé.

Kò lè ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Búrẹ́dì jóná lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bó bá ti gbọ́ ariwo lójú pópó, á rò pé ìròyìn ikú ni. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, oníbàárà kan dúró lórí ìlà, ó ń sọ fún ẹnì kejì pé Gbàgbégáàsì kò gbé omi mì mọ́. Aláàrò ju ọ̀pá ààrò sílẹ̀. Pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn àti ìyẹ̀fun lára, ó sáré la ìgboro já, àwọn èèyàn sì ń yà fún un bí ẹni yà fún wèrè.

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń wa ẹ̀rọ náà lọ, omijé sì ń kán sórí aṣọ oníbàárà.

“Ìyá Kékeré,” ni Aláàrò wí. Kò jókòó. “Ọkọ yín pa gáàsì.”

“Kí lẹ wí?”

“Lọ́jọ́ yẹn. Ó pa á. Èmi ni mo tún un ṣí. Mo fẹ́ yáná. Màdáámù pè mí, mo sáré jáde, mi ò pa á. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n rò pé òun ni. Mo jẹ́ kí òun náà rò ó.”

Ẹ̀rọ dúró. Obìnrin náà kò kígbe. Ó bọ́ òrùka ìránṣọ kúrò ní ìka rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo Aláàrò.

“Mo kúnlẹ̀ fún ẹ,” ni ó wí. Kò sí “yín” mọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Lọ́jọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ fún ìwọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́…”

“Má bẹ̀ mí! Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe sí ọkùnrin yìí? Ṣé o mọ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ sí i nínú yàrá yìí? Mo ní èmi ì bá ti fẹ́ ajá, ajá á mọ ọmọ rẹ̀ tọ́jú. Ó sì ń dá mi lóhùn pé òótọ́ ni mo sọ!” Ó gbá àyà ara rẹ̀. “Òótọ́ ni mo sọ, ló wí!”

Aláàrò wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó ti kú. “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o gbọ́? Ìwọ kọ́. Èmi ni. Gbọ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ mi.” Ojú aláìsàn kò kúrò lára òrùlé. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí nǹkan mìíràn. Aláàrò ń mi ọwọ́ náà bí ẹni ń jí ẹni tó sùn, ó ń ké pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí Aránṣọ fi fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, tó fà á dìde.

“Jáde. Níbi tí gbogbo ayé wà lo ti purọ́, o wá ń sọ òótọ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá fún èmi nìkan. Lọ sọ ọ́ fún Màdáámù rẹ. Lọ sọ ọ́ fún ìjọ tó ń pè ọ́ ní díákónì. Kó o sì lọ sọ ọ́ fún ọmọ mi. Títí o ó fi ṣe é, má tún gun àtẹ̀gùn mi.”

Màdáámù kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ le koko. “Kí ló dé tí o fi wá sọ ọ́ fún mi? Ṣé o fẹ́ kí èmi náà má rí oorun sùn bí ìwọ kò ṣe ń sùn?” Ó ní kó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, kó sì wá ilé mìíràn kí oṣù tó tán. Nínú ìjọ, ó dúró níwájú níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí, ó sọ ọ́. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó gbìyànjú, àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, ọkùnrin kan sì pè é ní apànìyàn sí ojú rẹ̀. Pásítọ̀ ní kó kúrò ní ìjókòó iwájú. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá àwọn tó máa ń pẹ́ dé.

Ó ku ọmọ.

Ilé oògùn ni Kékeré ti ń ṣiṣẹ́, ó wà lẹ́yìn káńtà, ọrùn aṣọ rẹ̀ ga títí dé àgbọ̀n láìka ooru sí. Ó dá Aláàrò mọ̀. Ó kí i dáadáa, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ rà?”

Aláàrò ti há ọ̀rọ̀ sórí lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ sá lọ. Ojú rẹ̀ kàn wà lára ibi tí àpá náà ti yọ díẹ̀ lábẹ́ etí ọmọ náà. Ó sọ ọ́ ní kúkúrú, ó ń kólòlò. Kékeré gbé páálí oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Oníbàárà kan wọlé. Ó dá oníbàárà náà lóhùn, ó ta ohun tó fẹ́ fún un, ó sì ní kó máa lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Aláàrò.

“Ṣé bàbá mi mọ̀?”

“Mo sọ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.”

“Ó máa ń wá dúró sí òdìkejì títì yẹn.” Ó nawọ́ síta. “Lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú yanrìn lára. Kì í sọdá. Á kàn dúró, á máa wò mí. Mo máa ń yọ́ gba ẹ̀yìn jáde.”

Aláàrò fẹ́ kúnlẹ̀.

“Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Tí ẹ bá bẹ̀ mí, màá ní láti dá yín lóhùn, ẹ ò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ. Ó ń yára rìn, Aláàrò ń tẹ̀lé e lókèèrè, kò lè súnmọ́ ọn, kò sì lè padà. Bí wọ́n ṣe dé ilé alájà mẹ́ta náà, ọmọ náà ń fo àtẹ̀gùn. Aláàrò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Aránṣọ rí i, kò lé e.

Kékeré jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbá orí bàbá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó fi ẹnu sí etí rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀.

“Bàbá mi, ẹ pa á. Ẹ pa gáàsì. Ẹ gbọ́? Ẹ pa á, ẹ̀yin kọ́. Ẹ pa á.”

Ó ń sọ ọ́ léraléra. Ojú ọkùnrin náà kúrò lára òrùlé, ó wá ojú ọmọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè búra pé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Òórùn ìgbẹ́ sì gba yàrá. Aláìsàn ti ṣe sí ara. Aránṣọ ní kí wọ́n yí i kí òun lè fọ̀ ọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ gbìyànjú, wọn ò lè gbé e. Ẹ̀yìn Aránṣọ ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e,” ni Aláàrò wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn.

“Wọlé,” ni Aránṣọ wí níkẹyìn. “Má sọ̀rọ̀.”

Ó wọlé. Ó ti ọwọ́ sábẹ́ apá àti itan ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó gbé e. Ojú wọn súnmọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òsì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó ṣì yè, gbéra láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbá Aláàrò létí. Kò lágbára. Aláàrò ò gbé ojú kúrò. Ọwọ́ náà tún gbéra, ó tún gbá a. Ohùn kan sì ń jáde lọ́fun aláìsàn, ohùn tó dún bí igi tó ń ya, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Ó gbọ́!” ni Aránṣọ kígbe. “Kékeré, ó gbọ́! Bàbá ẹ gbọ́!”

Wọ́n ń sunkún, gbogbo wọn. Aláàrò di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, ó ń jẹ ìgbátí, ọpẹ́ sì kún inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ níbẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ wá iṣẹ́ òòjọ́, ó sì ń lọ nírọ̀lẹ́. Ó ń gbé e, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ aṣọ tó bàjẹ́. Òun àti ẹbí rẹ̀ ti kó lọ sí yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í bá a sọ ju ohun tó pọndandan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń lù ú ní gbogbo ìgbà tó bá gbé e. Nígbà tó yá, kò lù ú mọ́. Aláàrò ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì í ni, àbí agbára rẹ̀ ló ti tán. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, aláìsàn pa ojú dé. Òórọ̀ kan náà ni Aránṣọ sọ fún un láìwo ojú rẹ̀ pé tó bá ti fọ aṣọ tán, kó mu tíì kó tó lọ.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, Kékeré ti kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni bàbá rẹ̀ ti ń gba omi ọ̀gì díẹ̀ tó tún lè gbé mì. Wọ́n ní ó ń fi ìka ọwọ́ òsì tọ àpá ọrùn ọmọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà á sì jókòó jẹ́ẹ́, á ṣí ọrùn aṣọ sílẹ̀ fún un. Ó kú lówùúrọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ rẹ̀.

Aránṣọ ránṣẹ́ sí Aláàrò pé kó wá bá wọn gbé pósí. Ó gbé e. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bo sàréè tán, tí àwọn èèyàn ń lọ, Kékeré wá bá a níbi tó dúró sí, yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màámi ti dárí jì yín, wọ́n ní kí n sọ fún yín,” ni ó wí. “Èmi ò tíì dárí jì yín. Mo ń gbàdúrà sí i. Láwọn ọjọ́ kan mo máa ń rò pé mo ti ń débẹ̀, tí mo bá wá rántí òdìkejì títì yẹn, gbogbo rẹ̀ á tún padà. Ẹ má bi mí léèrè. Tó bá ṣẹlẹ̀, màá wá sọ fún yín.”

Àgbàlagbà náà tẹ orí ba fún ọmọ tó lè bí.

“Mo gbọ́, mà,” ni ó wí.

Kékeré lọ bá ìyá rẹ̀. Aláàrò dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó bá àwọn tó gbẹ́ sàréè kó ṣọ́bìrì wọn jọ, ó sì rìn lọ sílé lọ bá ìyàwó rẹ̀.